Ta ni Pearl Kendrick, obìnrin tó ń ti ilé dé ilé wá ikọ́ ahúbì?

Bí ìyá bá gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, ikọ́ ahúbì wà lára àwọn àìsàn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà. Àwọn tó mọ orúkọ obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí abẹ́rẹ́ yìí kò pọ̀.

Wọ́n bí Pearl Kendrick ní Wheaton, ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1890. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ikọ́ ahúbì kọlù ú, ṣùgbọ́n orí yọ ọ́.

Ikọ́ yìí kì í ṣe ikọ́ lásán. Ọmọ á máa hú u léraléra títí èémí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á wá fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo. Èémí ìkókó tiẹ̀ lè dúró láìsí ariwo kankan. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, nǹkan bíi 6,000 èèyàn ni ikọ́ náà ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kendrick kàwé gboyè ní Syracuse University lọ́dún 1914, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kó tó bọ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Lọ́dún 1926, ó di olórí ẹ̀ka ibùdó àyẹ̀wò ìjọba Michigan ní ìlú Grand Rapids. Ibẹ̀ ni òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Grace Eldering, ti dojú kọ ikọ́ ahúbì lọ́dún 1932.

Àwo tí ọmọ ń húkọ́ sí

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni bí wọn yóò ṣe dá àìsàn náà mọ̀. Bí ọ̀fìnkìn ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ariwo rẹ̀ tó jáde, ọmọ náà ti lè kó o ran àwọn ẹlòmíràn.

Jules Bordet àti Octave Gengou, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ti kéde kòkòrò tó ń fà á lọ́dún 1906. Àwo kékeré tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú oúnjẹ kòkòrò inú rẹ̀ ni Kendrick àti Eldering ń lò. Wọn á gbé e síwájú ẹnu ọmọ kó húkọ́ sí i, wọn á fi pamọ́ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn á sì wò ó bóyá kòkòrò náà hù.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ilé onílé, níbi tí àtùpà ẹlẹ́po ti ń tan ìmọ́lẹ̀ fún wọn. Àkókò ọ̀dá owó ni, ọ̀pọ̀ bàbá ni kò níṣẹ́. Wọ́n ń padà sọ́dọ̀ ọmọ kan náà léraléra títí kòkòrò kò fi ní hàn mọ́. Báyìí ni ìlú ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ aláìsàn wà nílé àti ìgbà tó lè jáde.

Abẹ́rẹ́ náà dé

Lára kòkòrò tí wọ́n rí ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lọ́dún 1934. Kendrick kò gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ du ọmọ ilé aláìlóbìí nítorí ìwádìí. Nígbà tí owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó pe Eleanor Roosevelt, aya Ààrẹ, wá wo iṣẹ́ wọn lọ́dún 1936, owó sì wọlé. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tí ikọ́ náà sì tún mú kéré gan-an sí àwọn tí kò gbà á.

Ní àwọn ọdún 1940, Loney Gordon, obìnrin aláwọ̀ dúdú, dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun ló yẹ ọ̀pọ̀ àwo wò kó tó rí irú kòkòrò tó mú kí abẹ́rẹ́ náà túbọ̀ lágbára.

Kendrick kú lọ́dún 1980, lẹ́ni 90 ọdún. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ pe abẹ́rẹ́ náà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni kò lè ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ahúbì fúnra wọn. Ibi tí a kò bá ti wá àìsàn, a kò lè mọ̀ pé ó ti wọlé, ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.