Kojo Tovalou Houénou, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ní ìwé ìròyìn ní Paris

Àjàṣẹ́ níbí la bí Houénou sí ní 1887; oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀. Ó di lọ́yà ní Paris, ó ń jayé bí ọba. Ní 1923 wọ́n lé e jáde nílé fàájì kan ní Montmartre, torí àwọn ará Amẹ́ríkà kò fẹ́ bá aláwọ̀ dúdú jókòó. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn ló yí i padà. Ní 1924 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà ènìyàn dúdú, pẹ̀lú ìwé ìròyìn Les Continents. Ìwé náà kọ ọ́ pé Blaise Diagne, aṣòfin Senegal, gbowó lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó kó lọ sójú ogun. Diagne pẹjọ́, ó jàre. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé. Ẹ̀wọ̀n Dakar ni Houénou kú sí ní 1936.