Ernest Rutherford, Ẹni tí Ó Wọn Ohun tí Ojú Kò Rí

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ìtàn Ernest Rutherford mu, nítorí ohun tí ó kéré ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1871 ni a bí i nítòsí ìlú Nelson ní ilẹ̀ New Zealand. Òun ni ìkẹrin nínú ọmọ 12. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, nítorí náà ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni ó gbé e dé Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1895. Ibẹ̀ ni ó ti di ọmọ ẹ̀yìn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá nì, J. J. Thomson. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùkọ́ ní Montreal, ó sì bọ́ sí Manchester ní ọdún 1907. Ní ọdún 1908 a fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá.

Thomson ti kọ́ni pé kò sí kókó kankan nínú átọ́ọ̀mù; pé ṣe ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fọ́n ká inú rẹ̀ bí àgbàdo ti í fọ́n ká inú àdàlú. Ní ọdún 1909, Rutherford ní kí Hans Geiger àti Ernest Marsden, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ 20 ọdún, dán nǹkan kan wò. Wọ́n darí àwọn hóró álífà, tí ń sáré jáde láti inú rédíọ̀mù, sí àwọn irin tí a lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wúrà wà lára wọn. Wọ́n jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń ka ìmọ́lẹ̀ kékeré tí hóró kọ̀ọ̀kan ń tàn lára pátákó kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ là á já. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 8,000, ẹyọ kan a ta padà sẹ́yìn.

Kí ni ó dá a padà? Rutherford rò ó títí di ọdún 1911 kí ó tó rí ìdí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ lòdì sí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ gbà. Átọ́ọ̀mù ní kókó kan láàárín, tí iná mọ̀nàmọ́ná inú rẹ̀ ń ti hóró álífà dànù. Rutherford mọ bí hóró náà ti ń yára tó. Ó wá ṣírò bí ó ti lè súnmọ́ àárín tó kí ó tó padà. Kókó náà kò lè tóbi ju ìwọ̀n ibẹ̀ lọ.

Bí a bá sọ kókó átọ́ọ̀mù wúrà di ọmọ ayò kan, tí a gbé e sí àárín Pápá Àjàó ní Mùṣin, ní ìlú Èkó, átọ́ọ̀mù náà yóò gbòòrò tó nǹkan bí 400 mítà láti ìkángun kan dé èkejì. Síbẹ̀, inú ọmọ ayò yẹn ni ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parapọ̀ sí.

Rutherford kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1937. Ní àwọn ọdún 1950, Robert Hofstadter ní Amẹ́ríkà fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn àwọn kókó wọ̀nyí ní àwọ̀ngún ju ti ìṣáájú lọ, òun náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1961.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí. Rutherford bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan nínú 8,000 ni ẹlòmíràn ìbá kà sí àṣìṣe. Òun kò fojú tín-ín-rín rẹ̀.