Ọba Kòsọ́kọ́ àti Àsíá Funfun

Ìtàn Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé Kàdúná jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ṣebí níbí ni NDA wà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun orí omi pàápàá. Torí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin òkú mọ́. Ọmọ ọba ni. Nígbà tí Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, jọba ní 1841, Kòsọ́kọ́ ò sí nílé, wọ́n ti lé e kúrò nílùú. Akítóyè ló ní kó padà wá. Nígbà tó máa di 1845, Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì.

Mi ò ní pọ́n Kòsọ́kọ́ lé ju bó ṣe yẹ lọ. Òwò ẹrú ló ń ṣe. Ọmọ èèyàn bíi tiwa ni wọ́n ń tà sí Bràsíìlì. Akítóyè wá ṣèlérí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun máa fòpin sí òwò náà bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, John Beecroft, kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kò ní ta ẹrú mọ́. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Beecroft tún dé pẹ̀lú àsíá funfun, tó jẹ́ àmì àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àsíá ọ̀hún: ọkọ̀ ogun Bloodhound, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, àti àwọn ọmọ ogun tó gbé ìbọn dání. Àwọn ará Èkó yìnbọn sí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yìnbọn padà, wọ́n sun ilé, kí wọ́n tó sá padà.

Wọ́n wá ní Kòsọ́kọ́ yìnbọn sí àsíá àlàáfíà, ó sì gbọ́dọ̀ jìyà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni Palmerston ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń kọ lẹ́tà lórí bí wọ́n ṣe lè lé Kòsọ́kọ́ kúrò.

Bí sẹ́níọ̀ bá wọ yàrá yín, tó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí ogún èèyàn mú pàṣán dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ẹ máa sọ pé ó wá kí yín ni?

Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù kejìlá, wọ́n da ìbọn ńlá bo Èkó. Àwọn ará Èkó pe ogun náà ní Ogun Àhóyaya. Kòsọ́kọ́ sá, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó di 1861, ọkọ̀ ogun mìíràn, Prometheus, dúró níwájú Èkó títí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fi fa ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni Kòsọ́kọ́ padà wálé, kì í ṣe ọba mọ́. Ó kú ní 1872.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní 1964, Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ Vietnam kọ lu ọkọ̀ ogun òun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó hàn pé ìkejì ò ṣẹlẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ogun ti gbóná.

Lójú tèmi, Kòsọ́kọ́ ṣebi, torí ó ta èèyàn. Ìyẹn ò sọ àsíá Beecroft di àlàáfíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ìròyìn tó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Èkó. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì ká tó ní kí wọ́n jagun.