Hunayn Ọmọ Ishaq, Olùtúmọ̀ Ìwé Ìṣègùn

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn wa, kì í sì í ṣe ti ọmọ Yorùbá. Hunayn ni orúkọ ọkùnrin náà, Ishaq ni bàbá rẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà kí a tó kọ́ èdè Yorùbá, a fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí òun náà wá èdè lọ kí ìmọ̀ àwọn àgbà má bàa parun.

Nǹkan bí ọdún 808 ni wọ́n bí i ní ìlú al-Hira, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Lárúbáwá ni àwọn ènìyàn rẹ̀, Kristẹni sì ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń ṣe òwò egbòogi. Èdè Síríákì ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń lò. Àwọn Kristẹni elédè Síríákì yìí ti ń túmọ̀ ìwé Gíríìkì tipẹ́tipẹ́. Sergius ará Reshaina, tó kú ní ọdún 536, ti túmọ̀ púpọ̀ nínú ìwé Galen, àgbà oníṣègùn àwọn Gíríìkì.

Hunayn lọ kọ́ ìṣègùn ní Baghdad lọ́dọ̀ Yuhanna ọmọ Masawayh. Ìbéèrè ọmọ náà pọ̀ jù, ni olùkọ́ bá bínú lé e jáde. Ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà. Hunayn fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ó kọ́ èdè Gíríìkì délẹ̀délẹ̀. Nígbà tó padà dé, olùkọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló wá bá a rẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Á kó ẹ̀dà ìwé jọ, á fi wọ́n wéra, á mú àṣìṣe kúrò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀. Ìtumọ̀ odindi gbólóhùn ló ń wá, kì í kàn to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀. Nígbà tó ń wá ìwé Galen kan, ó rin Síríà, Palẹstínì àti Íjíbítì já títí dé Alẹkisáńdíríà. Ìdajì rẹ̀ péré ló rí, ní Dàmásíkù. Àwọn oníṣègùn Kristẹni sábà máa ń fẹ́ ìwé ní Síríákì, àwọn ọlọ́lá Mùsùlùmí ń fẹ́ Lárúbáwá. Nígbà míì, Hunayn á túmọ̀ láti Gíríìkì sí Síríákì, Hubaysh ọmọ arábìnrin rẹ̀ á wá gbé e sí Lárúbáwá. Báyìí ni Síríákì ṣe di afárá.

Nígbà kan, gbogbo ìwé tó ti kó jọ láti ìgbà èwe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó jókòó, ó kọ orúkọ ìwé Galen 129 sílẹ̀, àti ẹni tó túmọ̀ wọn.

A gbọ́ pé Kálífà al-Mutawakkil ní kó po májèlé fún ọ̀tá òun. Ó fi owó ńlá lọ̀ ọ́. Hunayn kọ̀. Wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọdún kan, wọ́n fi ikú dẹ́rù bà á, ó ṣì kọ̀. Ó ní ẹ̀sìn òun kò gbà á, iṣẹ́ òun náà kò gbà á, torí láti wo ènìyàn sàn ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀. Kálífà wá sọ pé ńṣe ni òun ń dán an wò.

Ó kú ní ọdún 873. Ishaq ọmọ rẹ̀ àti Hubaysh ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ìwé tí Hunayn fúnra rẹ̀ kọ nípa ìpìlẹ̀ ìṣègùn di èdè Látìn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yúróòpù sì kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Johannitius ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ìwé Galen kan wà tí ti Gíríìkì ti sọnù, tó jẹ́ pé nínú Lárúbáwá nìkan ni a ti ń rí wọn ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ewé àti egbò, ẹ gbọ́ o. Ẹ máa bèèrè, bí wọ́n tilẹ̀ lé yín. Ẹ má kọ ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi ìmọ̀ yìí pa ènìyàn, ẹ rántí Hunayn nínú ẹ̀wọ̀n.

Ire o. Àṣẹ.