Ọkọ tí Aina kọ̀, tó sì padà fẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan tó ń ta aṣọ ní Ìta Fààjì rojọ́ fún mi. Inú bọ́ọ̀sì lòun àti bọ̀bọ́ kan ti pàdé, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹni tí àwọn ará ilé ẹ̀ fẹ́ kó fẹ́ yàtọ̀. Ó ní ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Èkó yìí kẹ̀? Ni mo bá sọ ti Aina fún un.

Ọmọ Òkè-Odàn ni Aina. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú wọn, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú òun lẹ́rú. Kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ní 1850, Ọba Ghezo fi í ta Captain Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Bonetta, lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Bó ṣe di Sarah Forbes Bonetta nìyẹn. Ọbabìnrin ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbé ní Gillingham lọ́dọ̀ Reverend Schön, ìyàwó Schön ló sì ń pè ní màmá.

Ibẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies ti yọjú. Sàró ni, oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Òun ló fi £50 ra ìwé fún CMS Grammar School nígbà tí ilé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní Aina lòun máa fẹ́.

Aina kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí màmá Schön pé òun mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni, àmọ́ òun ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ò sì lè torí owó ta ìfọ̀kànbalẹ̀ òun. Ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún o!

Ṣùgbọ́n ààfin fẹ́ ìgbéyàwó náà. Wọ́n gbé e kúrò nílé Schön lọ sọ́dọ̀ màmá àgbàlagbà kan ní Brighton, níbi tí ayé ti sú u. Ní tèmi o, wọ́n fi ìyẹn rọ̀ ọ́ lápá ni. Ta ni ọmọ òrukàn máa ké sí, nígbà tó jẹ́ ẹni tó ń bọ́ ọ ló ń fa ọkọ fún un? Ó gbà. Ní August 14, 1862, wọ́n so yìgì ní St Nicholas, Brighton: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́rìndínlógún, èrò bí omi.

Wọ́n padà wá sí Èkó. Victoria ni wọ́n sọ àkọ́bí wọn, Ọbabìnrin sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Arthur àti Stella tẹ̀ lé e. Ikọ́ ife ló mú kí Aina lọ sí erékùṣù Madeira, ibẹ̀ ló kú sí ní August 15, 1880. Gbèsè ti wọ Davies lọ́rùn lásìkò yẹn, síbẹ̀ ó ri òpó òkúta ńlá mọ́lẹ̀ fún ìrántí rẹ̀ ní Ijon, nínú oko kòkó rẹ̀.

Ọmọge yẹn ní kí n bá òun ṣírò ọdún tí wọ́n fi wà pọ̀. Méjìdínlógún ni. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní ó pẹ́ gan-an.