Alfred Xuma: Dókítà Sophiatown tó ní kí ìjọba tọ́jú olówó àti tálákà lọ́fẹ̀ẹ́

Tí èèyàn bá lọ sí ọsibítù ìjọba ní Johannesburg lónìí, iye tó ń wọlé fún un ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó sọ iye tó máa san. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ló bá wá, ọ̀fẹ́ ni, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà.

Ọ̀rọ̀ pé kí àìlówó má dènà ìtọ́jú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀kan lára àwọn tó gbé e síwájú ìjọba ni Dókítà Alfred Bitini Xuma.

Ta ni Alfred Xuma?

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Xuma ní agbègbè Engcobo, lápá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1913. Ó kàwé ní Tuskegee àti Yunifásítì Minnesota, kó tó gboyè dókítà ní Yunifásítì Northwestern lọ́dún 1926. Lẹ́yìn náà ló kọ́ nípa ìgbẹ̀bí àti ìtọ́jú àwọn obìnrin ní Budapest.

Nígbà tó padà sílé, Sophiatown ní Johannesburg ló ti ń tọ́jú aláìsàn. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí abẹ́rẹ́ àti oògùn: ní 1938, ó gba ìwé ẹ̀rí nípa ìlera ará ìlú ní London.

Kí ló béèrè lọ́wọ́ ìjọba?

Ní 1940, wọ́n yan Xuma ní ààrẹ ẹgbẹ́ ANC. Ní 1943, ẹgbẹ́ náà gba àwọn obìnrin wọlé pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà bíi ti ọkùnrin. Ìyàwó Xuma, Madie Hall, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí ẹ̀ka àwọn obìnrin.

Lọ́dún yẹn kan náà, ANC fọwọ́ sí ìwé kan tó ka ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀tọ́ láti dìbò wà níbẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn náà sì wà níbẹ̀. Olórí ìjọba, Jan Smuts, kò dá wọn lóhùn rere.

Ní 1949, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní Xuma ń rọra jù, ó sì pàdánù ipò rẹ̀. Láti 1955, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í wó Sophiatown, Xuma pẹ̀lú sì kó kúrò. Ó kú ní Soweto ní oṣù kìíní ọdún 1962.

Ọ̀fẹ́ wo ló dé?

Ní 1974, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbé ètò ìfètòsọ́mọbíbí ọ̀fẹ́ kalẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àmọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fura pé ńṣe ni ìjọba fẹ́ dín iye àwọn kù. Obìnrin kò sanwó, ṣùgbọ́n kò ní ohùn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe fún un.

Ìgbà tí gbogbo ará ìlú dìbò ní 1994 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dé fún àwọn aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, lábẹ́ Nelson Mandela. Ìdí nìyẹn tí ìwé 1943 fi ṣì ní ìtumọ̀: ìbò àti ìtọ́jú jọ wà nínú rẹ̀, wọn kò fi ọ̀kan ṣe pààrọ̀ èkejì.

Ilé Xuma wà lára ìwọ̀nba ilé tí wọn kò wó ní Sophiatown. Ó ṣì dúró ní òpópónà Toby títí dòní.