ÌTÀN ÌGBÉSÍ-AYÉ OLÓÒGBÉ KENNETH MURRAY, OLÙTỌ́JÚ OHUN ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé a fi ojú ewé ìwé ẹgbẹ́ wa sọ ìtàn òyìnbó kan tí kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú yìí. Ìdí rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ère ìbejì méjì wà nínú yàrá ìyá bàbá mi, tí wọ́n ti fi osùn pa lára títí ojú wọn fi ń dán. Ní ọjọ́ ọjà kan, oníṣòwò kan wọ ilé wa, ó fún àwọn àgbà ní owó tí kò tó ra ewúrẹ́, ó sì kó wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán wọn, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn ní Èkó, mo dúró pẹ́ níwájú àwọn ère tí ó jọ wọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí ó kó wọn jọ síbẹ̀.

Kenneth Crosthwaite Murray ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé àwọn tí ń fi sùúrù ṣa nǹkan jọ ni ó ti wá. James Murray, bàbá bàbá rẹ̀, ni olórí àwọn tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jọ. Bàbá rẹ̀, H. J. R. Murray, kọ ìtàn eré chess ní ọdún 1913, ó sì tún kọ ìwé mìíràn ní 1952 nípa àwọn eré orí ọpọ́n ti gbogbo ayé, nínú èyí tí irú eré ayò tiwa yìí gba àyè púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í ṣe kàyéfì sí ohun tí ọmọ náà wá fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ni ó fa á wá. Olóògbé Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkùn ní London láti 1920 sí 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ni ó bá bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kan kún òun. Murray ni wọ́n rán wá ní 1927. Ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì kò rí ọ̀nà kan náà. Onabolu ń fẹ́ fi hàn pé ènìyàn dúdú lè ya àwòrán ènìyàn gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ń yà á. Murray ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ti òyìnbó sílẹ̀, kí wọ́n wo ọwọ́ agbẹ́gilére, amọ̀kòkò àti ahunṣọ tí ó wà ní ilé wọn. Èmi kò lè dá Onabolu lẹ́bi, nítorí ẹni tí a bá sọ pé kò lè ṣe nǹkan ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é kí ayé rí i. Síbẹ̀, ibi tí Murray kọjú sí ni kò jẹ́ kí ohun púpọ̀ ṣègbé.

Òun tìkára rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ Bernard Leach ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe olùkọ́ ní Umuahia, ó sì ṣe é ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Ibẹ̀ ni Ben Enwonwu ti di ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1934, tí ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Umuahia. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ ọwọ́ Enwonwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin lọ fi han àwọn ará London.

Ọ̀ràn Ifẹ̀ ni ó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, bá àwọn orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀, iṣẹ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó kan kò fi gbà pé àwọn baba wa ni ó ṣe é. Kí ìlú tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ti jáde. Ọ̀kan dé British Museum ní London ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá wọn padà ní 1950. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó èyí tí ó kù pa mọ́ sínú ààfin rẹ̀. Murray àti E. H. Duckworth, olóòtú ìwé ìròyìn *Nigeria*, kò sinmi láti rọ ìjọba pé kí a fi òfin de ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ó má bàa tán nílẹ̀. Ìjọba kò yára, ṣùgbọ́n ní 1943 wọ́n fi Murray ṣe olùṣàyẹ̀wò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ̀ka náà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà? Ó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, ó ń ya àwòrán, ó sì ń kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀ níbi tí ó ti rí i. Ní Oron, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ó ka ère àwọn baba ńlá tí wọ́n ń pè ní ekpu, ó ju 600 lọ. Ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà nínú igbó, a kọ́ ilé fún wọn ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì ni. Ti Jos tẹ̀ lé e ní 1952 láti ọwọ́ Bernard Fagg, ti Ifẹ̀ sì ní 1954. Òfin tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún jáde ní 1953: láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ.

Ohun kan wà tí ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó. Àwọn idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn kó ní 1897, owó Nàìjíríà ni Murray fi ra díẹ̀ nínú wọn padà láti London, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó má bàa ṣófo. A ra ẹrù ara wa lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o. Murray mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàn kí a rà á ju kí a má rí i mọ́ láéláé. Ilé náà ṣí ní Oníkàn ní 1957, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún kan náà. Wọ́n tún pè é padà láti wá ṣe olórí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé òmìnira. Ní 1968 ni Ekpo Eyo gba ipò náà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó síbẹ̀.

Ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ilé tí a kọ́ fún àwọn ekpu ní Oron wà ní ojú ọ̀nà ogun, wọ́n sì kó o. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù nínú èyí tí Murray ti kà.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò ní àléébù. Àwọn kan ń bi í pé ta ni ó fi òyìnbó ṣe ẹni tí yóò sọ èyí tí í ṣe ojúlówó iṣẹ́ wa àti èyí tí kì í ṣe. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ère ìbejì tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì kò rí ẹni fi osùn pa á, kò sì sí ẹni tí ń kì í. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ọdún wọ̀nyí kan náà, àwa fúnra wa ni a ń dáná sun wọ́n lórúkọ ẹ̀sìn tuntun, tí a sì ń ta èyí tí iná kò jó.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó pa á ní 1972. Kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1973, nígbà tí olórí ìjọba ológun, Ọ̀gágun Gowon, mú orí idẹ Benin kan láti inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó lọ fi ta ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní London. Ó di 2002 kí ayé tó mọ̀ pé ojúlówó ni, kì í ṣe àwòṣe.

Ìwé àti àwòrán tí Murray fi sílẹ̀ wà ní Oníkàn. Èmi náà ra ìwé àkọsílẹ̀ kan nígbà tí mo padà sílé, mo sì lọ bá àgbà kan ṣoṣo tí ó kù nínú agboolé wa tí ó rí àwọn ìbejì ìyá bàbá mi rí. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́rùn, èkejì kò ní. Mo bi í ta ni ó gbẹ́ wọn. Ó ronú pẹ́, ó ní òun kò rántí.